Ọjọ́ mẹ́ta ní Budapest nígbà òtútù

Ìmọ́lẹ̀ ọjọ́ ló máa ń kọ́kọ́ tán lọ́wọ́ àlejò ní Budapest, olú ìlú Hungary, ní oṣù Kejìlá. Oòrùn ń yọ ní nǹkan bí aago méje ààbọ̀, kó sì tó di aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ó ti wọ̀. Ẹni tó bá sùn di aago mẹ́wàá, tó jẹun pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, tó wá rora jáde lẹ́yìn ọ̀sán, òkùnkùn ló máa bá lóde. Nítorí náà, oòrùn ni kí ẹ fi ṣètò ọjọ́ yín: ohun tó wà lórí òkè àti ní gbangba kí oòrùn tó wọ̀, ohun tó ń tan iná lẹ́yìn tó bá wọ̀, omi gbígbóná ní alẹ́.

Láti pápákọ̀ òfurufú, bọ́ọ̀sì 100E ló ń lọ tààrà sí Deák Ferenc tér, níbi tí mẹ́ta nínú ọ̀nà métrò (ọkọ̀ ojú irin abẹ́ ilẹ̀) mẹ́rin ìlú náà ti pàdé. Tíkẹ́ẹ̀tì tirẹ̀ dá yàtọ̀. Páàsì wákàtí 24 tàbí 72 kò ṣiṣẹ́ nínú rẹ̀, ibẹ̀ sì ni àlejò ti sábà máa ń kọ́kọ́ san owó ìtanràn. Bí ẹ bá fẹ́ fi páàsì wọ ìlú, ẹ wọ 200E dé Kőbánya-Kispest, kí ẹ bọ́ sínú métrò M3 níbẹ̀. Ẹni tó ní ẹrù púpọ̀, kó rọra san ti 100E.

Tíkẹ́ẹ̀tì ẹlẹ́ẹ̀kan tí ẹ rà kò tíì di tíkẹ́ẹ̀tì, àfi tí ẹ bá kì í bọ ẹnu ẹ̀rọ tó ń lù ú, lẹ́nu ọ̀nà métrò tàbí nínú bọ́ọ̀sì àti tráàmù. Àwọn tó ń yẹ tíkẹ́ẹ̀tì wò máa ń dúró lẹ́nu ọ̀nà métrò, “mi ò mọ̀” kì í sì í ràn wọ́n. Fún ọjọ́ mẹ́ta, páàsì wákàtí 72 ló fini lọ́kàn balẹ̀ jù.

Métrò M1, tó ti ń ṣiṣẹ́ láti 1896, ni ẹ óò máa wọ̀ jù. Kò jìn sísàlẹ̀ rárá, àtẹ̀gùn díẹ̀ ni ẹ óò sọ̀. Ìṣòro rẹ̀ kan ṣoṣo ni pé ní ọ̀pọ̀ ibùdókọ̀ rẹ̀, ẹnu ọ̀nà ìhà kan wà lápá kan títì, ti ìhà kejì wà lódìkejì. Bí ẹ bá sọ̀kalẹ̀ síbi tí kò tọ́, ẹ óò gòkè padà, ẹ óò sọdá títì, ẹ óò tún sọ̀kalẹ̀. Ẹ ka ohun tí wọ́n kọ sẹ́nu ọ̀nà: Mexikói út ni ìhà ilé ìwẹ̀ Széchenyi àti gbàgede Hősök tere, Vörösmarty tér ni ìhà àárín ìlú.

Nípa aṣọ: nínú oṣù Kìíní, òtútù ibẹ̀ sábà máa ń wà nítòsí dígírì òdo, lókè tàbí nísàlẹ̀ rẹ̀ díẹ̀. Atẹ́gùn orí odò Danube ló ń jẹ́ kó gúnni dé eegun. Kóòtù ńlá kan lórí ṣẹ́ẹ̀tì fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ni àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù. Inú ṣọ́ọ̀bù àti ilé ìtàn móoru gan-an, ẹ óò làágùn níbẹ̀, tí ẹ bá sì jáde, òógùn yẹn á di yìnyín sí yín lẹ́yìn. Aṣọ mẹ́ta ló dáa: èyí tó lẹ̀ mọ́ ara tí kì í ṣe òwú, swẹ́tà lé e, kóòtù tí atẹ́gùn ò lè gbà kọjá lé e lórí. Bàtà tí ìsàlẹ̀ rẹ̀ ń di ilẹ̀ mú ṣe pàtàkì ju bàtà tó gbóná lọ, torí òkúta tí wọ́n tẹ́ sójú ọ̀nà lórí òkè Buda máa ń yọ̀ bí ọ̀rá bí omi bá dì lórí rẹ̀. Kí fóònù wà lápò inú. Òtútù ń tètè mu bátìrì rẹ̀.

Títí di 1873, Buda, Óbuda àti Pest dá wà lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Buda ni apá olókè, Pest ni apá tó tẹ́jú. Láti Halászbástya, odi ìwòran tó wà lórí òkè Buda, ni ẹ ti máa rí ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin wọn lódìkejì odò. Ìlà oòrùn ni ibẹ̀ kọjú sí, nítorí náà bí ẹ bá lọ láàárọ̀, oòrùn á wọ inú kámẹ́rà, ilé náà á sì dúdú nínú fọ́tò. Ẹ dé ibẹ̀ ní nǹkan bí aago méjì ọ̀sán. Oòrùn á wà lẹ́yìn yín, á máa tàn sára ilé náà, tí ẹ bá sì ní sùúrù títí aago mẹ́rin á fi kọjá, ẹ óò rí i bí wọ́n ṣe ń tan iná rẹ̀. Ìsàlẹ̀ Halászbástya ọ̀fẹ́ ni. Orí rẹ̀ lókè pátápátá ni wọ́n ti lè gbowó, kò sì sí ohun ńlá tí ẹ máa rí níbẹ̀ tí ẹ ò rí nísàlẹ̀. Bọ́ọ̀sì 16 láti Deák Ferenc tér gba páàsì yín gòkè. Ọkọ̀ onírin kékeré tí wọ́n ń pè ní Sikló dùn ún wọ̀, ṣùgbọ́n owó tirẹ̀ lọ́tọ̀ ni.

Ẹ kọ́kọ́ wo ojú ọ̀run o. Lọ́jọ́ tí kùrukùru bá bo odò, kò sí ohun tí òkè yẹn fẹ́ fi hàn yín. Ọjọ́ inú ilé nìyẹn: inú ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin (ẹ ra tíkẹ́ẹ̀tì lórí íntánẹ́ẹ̀tì ṣáájú, ó máa ń tán nígbà ọdún), tàbí ọjà Nagyvásárcsarnok tí wọ́n ṣí ní 1897. Bó bá jẹ́ ọjọ́ Àìkú, ẹ kọ́kọ́ wádìí bóyá ọjà yìí ṣí.

Bí ilẹ̀ bá ti ṣú, ẹ wọ tráàmù 2 ní Jászai Mari tér, kí ẹ jókòó sápá ọ̀tún. Ẹ̀gbẹ́ odò ló ń gbà lọ síhà gúúsù: ààfin Buda pẹ̀lú iná rẹ̀, afárá Lánchíd ti 1849, lẹ́yìn náà afárá Szabadság aláwọ̀ ewé. Àwọn kan ń san owó ńlá fún ọkọ̀ ojú omi láti rí ohun kan náà yìí.

Ọjà Kérésìmesì tó wà ní Vörösmarty tér lẹ́wà, ó sì wọ́n. Ẹ ṣọ́ra fún oúnjẹ tí wọ́n ń wọ̀n. Bí ẹ bá rí “10 dkg” lẹ́gbẹ̀ẹ́ iye owó, gíráàmù 100 ni. Sọ́sééjì kan lè ju ìlọ́po méjì rẹ̀ lọ, ẹni tó ń bu ànàmọ́ àti kábéèjì sí abọ́ ò sì ní bi yín kó tó fi ṣíbí kún ṣíbí. Ẹ ní kó wọ̀n ọ́n, kó sì dárúkọ owó rẹ̀ kó tó gbé e fún yín. Kürtőskalács ni kí ẹ má fojú fò: ìyẹ̀fun pípò tí wọ́n wé mọ́ igi, tí wọ́n ń yí lórí ẹyín iná títí ṣúgà ara rẹ̀ á fi yọ́, tí á sì gan. Èyí tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ lórí iná lójú yín ni kí ẹ rà. Èyí tó ti tutù máa ń le.

Forint ni owó wọn, Ft ni wọ́n ń kọ ọ́. Àwọn kan máa ń gba yúrò, ṣùgbọ́n iye tí wọ́n fi ń ṣẹ́ ẹ kì í dára. Bí ATM tàbí ẹ̀rọ káàdì bá bi yín bóyá kó ṣẹ́ owó náà sí owó ilẹ̀ yín, ẹ kọ̀, forint ni kí ẹ tẹ̀. Ìbéèrè yẹn dà bí ìrànlọ́wọ́, bẹ́ẹ̀ iye ìṣẹ́wó tiwọn ni wọ́n máa lò. Nílé oúnjẹ, bí szervizdíj bá ti wà lórí bíìlì, wọ́n ti gba owó agbáwo nìyẹn. Köszönöm ni “ẹ ṣé” ní èdè wọn, àmọ́ bí ẹ bá sọ ọ́ bí ẹ ṣe ń nawọ́ owó sí agbáwo, ohun tó máa gbọ́ ni pé kó mú ṣéńjì. Ẹ gba ṣéńjì tán kí ẹ tó dúpẹ́.

Bí ìrìn àjò yín bá bọ́ sí ọjọ́ 24 oṣù Kejìlá, ẹ ra oúnjẹ sílẹ̀ ní ọjọ́ 23. Ọjọ́ 24 ti di ìsinmi, ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀bù kì í ṣí, ọkọ̀ ìgboro náà sì ń dáwọ́ dúró lọ́sàn-án, ó ku ìwọ̀nba díẹ̀ ní alẹ́. Ọjọ́ 25 àti 26 náà, ìsinmi ni.

Ó wá ku omi. Ilé ìwẹ̀ Gellért ti wà ní títì fún àtúnṣe láti oṣù Kẹwàá 2025. Ilé ìwẹ̀ Rudas ní adágún ayé àwọn Tọ́ọ̀kì, òmíràn sì wà lórí òrùlé tó kọjú sí odò. Ṣùgbọ́n fún ìgbà òtútù, Széchenyi ti 1913 ni, nítorí adágún mẹ́ta ló ní ní gbangba. Àárín ni ti àwọn tó ń lúwẹ̀ẹ́, wọn kì í sì í gbani síbẹ̀ láìdé fìlà ìwẹ̀. Lápá kan ni ti eré, níbi tí omi ti ń gbéni yípo. Lápá kejì ni èyí tó gbóná jù, nǹkan bí dígírì 38, níbi tí àwọn àgbà ọkùnrin ti ń ta ayò ṣẹ́ẹ̀sì nínú ooru omi.

Ẹ mú aṣọ ìwẹ̀, sílípáàsì àti táwẹ̀lì dání, torí ríra wọn níbẹ̀ wọ́n. Yàrá kékeré fún ìpààrọ̀ aṣọ dára ju àpótí lásán lọ fún ẹni méjì: inú rẹ̀ lẹ ti máa pààrọ̀, ibẹ̀ lẹ sì máa tì ẹrù mọ́. Okùn ọwọ́ tí wọ́n fún yín ló ń ṣí i. Láti ẹnu ilẹ̀kùn dé etí omi, ìṣísẹ̀ bíi ogún ni, lórí ilẹ̀ tó tutù bí irin. Ẹ wọ sílípáàsì, kí ẹ sì fi táwẹ̀lì kọ́ síbi tó sún mọ́ àtẹ̀gùn adágún, kì í ṣe lẹ́bàá ilẹ̀kùn, torí ìgbà tí ẹ bá ń jáde ni òtútù máa ń mú jù. Ìṣẹ́jú bí ogún tó lẹ́ẹ̀kan nínú omi dígírì 38. Ẹni tó bá pẹ́ ju bẹ́ẹ̀ lọ, ojú lè máa yí i bó ṣe dìde. Ẹ jáde, ẹ mumi, ẹ padà.

Kí ẹ tó kúrò, ẹ gbẹ irun dáadáa. Ẹni tó di irun ni kó fi èyí sọ́kàn jù: irun dídì máa ń fa omi mọ́ra fún wákàtí púpọ̀, níta sì rèé, òdo ni. Bí ẹ bá lè di gbogbo rẹ̀ sókè kí omi má kàn án, ó tán. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ẹ jókòó nídìí ẹ̀rọ tó ń gbẹ irun, kí ẹ dé fìlà, kí ẹ tó jáde. Ibùdókọ̀ M1 ò ju ìrìn ìṣẹ́jú díẹ̀ lọ. Ìhà Vörösmarty tér ni kí ẹ wọ̀.