Ẹ Bá Mi Dúpẹ́, Olúwa Dá Ohùn Mi Padà

Ẹ bá mi gbé Olúwa ga, nítorí ẹnu tí mo fi ń dúpẹ́ yìí gan-an ni mo fẹ́rẹ̀ẹ́ pàdánù. Ẹ̀yin tí ẹ ń pè láìdẹ́kun, tí ẹ sì ń ránṣẹ́ sí bàbá àwọn ọmọ láti béèrè àlàáfíà mi, ẹ ṣeun, ẹ kú àdúrótì. Mo ń rìn, mo ń sọ̀rọ̀ geere, mo sì ti padà síwájú àwọn ọmọ kíláàsì mi.

Ẹ rántí bí ọdún 2024 ṣe bẹ̀rẹ̀ fún àwa ará Ìbàdàn. Ní alẹ́ ọjọ́ 16 oṣù Kìíní, nígbà tí nǹkan abúgbàù tí ìjọba ní àwọn awakùsà tí kò gbàṣẹ kó pamọ́ sí Bódìjà bú gbàmù, gbogbo fèrèsé ilé wa mì tìtì. Kí oṣù náà tó parí, wọ́n pa ọba méjì ní Èkìtì, ní ọjọ́ yẹn kan náà sì ni wọ́n jí àwọn ọmọ ilé ìwé àti olùkọ́ wọn gbé ní Emùré. Olùkọ́ ni èmi náà. Wọ́n tú àwọn ọmọ náà sílẹ̀ ní ọjọ́ 4 oṣù Kejì, a sì dúpẹ́, ṣùgbọ́n oorun tèmi kò bá wọn padà. Òru ni mo fi ń ka ìròyìn, tí mo sì ń ro owó ọkọ̀ àti owó oúnjẹ tó ń lé sókè láti ìgbà tí wọ́n ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo.

Òru ọjọ́ kan ni mo dìde láti bu omi mu, tí ife já bọ́ lọ́wọ́ ọ̀tún mi bí ẹni pé ọwọ́ náà kì í ṣe tèmi. Mo fẹ́ pe bàbá àwọn ọmọ. Mo mọ orúkọ wọn, orúkọ náà wà lọ́kàn mi gbangba, ṣùgbọ́n ahọ́n mi kò gbé e. Ohun tó jáde lẹ́nu mi kì í ṣe ọ̀rọ̀ ènìyàn. Ẹ̀rù tó bà mí kò ṣeé fẹnu sọ. Ariwo sọ nínú ilé, ẹnì kan ń wá òróró àdúrà, ẹlòmíràn ní kí wọ́n fi ṣíbí la ẹnu mi, kí wọ́n sì rọ àgbo sí i.

Ìgbà náà ni aládùúgbò wa tó jẹ́ nọ́ọ̀sì sáré wọlé. Kò pariwo rárá. Ó kúnlẹ̀ níwájú mi, ó ní, “Mọ́mì, ẹ rẹ́rìn-ín músẹ́ kí n rí i.” Ó ní kí n na ọwọ́ méjèèjì síwájú, tọ̀tún sì já wálẹ̀. Ó béèrè aago tó bẹ̀rẹ̀, ó fi bírò kọ ọ́ sí àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀. Ó ní ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ fún mi ní omi, áńbọ̀sìbọ́sí àgbo, nítorí pé nǹkan mímu lè ṣìnà wọ inú ẹ̀dọ̀fóró ẹni tó wà nírú ipò bẹ́ẹ̀. Nígbà tí ahọ́n mi bẹ̀rẹ̀ sí í tú nínú ọkọ̀, tí àwọn kan ní kí a yà padà sílé kí a lọ dúpẹ́, òun ló fárí gá pé ilé ìwòsàn ni à ń lọ. 210 lórí 120 ni wọ́n bá ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ mi, bẹ́ẹ̀ 140 lórí 90 ti tó kí wọ́n pè é ní ẹ̀jẹ̀ ríru. Dókítà ṣàlàyé pé iṣan kan tó ń gbé ẹ̀jẹ̀ lọ sí ọpọlọ ló dí, tó sì tún là, àti pé ká ní a padà sílé ni, àrùn rọpárọsẹ̀ gidi lè tẹ̀lé e láàárín ọjọ́ díẹ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ ní wọ́n ta mí lọ́fà, mo gbọ́. Ẹ̀jẹ̀ ríru lè wà lára fún ọ̀pọ̀ ọdún láìsí ìrora kankan, kò sì nílò ọ̀tá kankan. Ẹni tó sì ti tọ ọ̀gá ilé ìwé lọ pé kí wọ́n wá ẹlòmíràn sí kíláàsì mi kí n tó kúrò lórí bẹ́ẹ̀dì, ọwọ́ ọ̀tún mi ni mo fi tẹ ọ̀rọ̀ yìí.

Dókítà kò sọ pé àníyàn nìkan ló fà á; ó dárúkọ iyọ̀, ọjọ́ orí àti ohun tí a jogún. Ṣùgbọ́n ó ní àìsùn kò ṣe mí lóore. Nítorí náà, ọ̀sán ni mo ń gbọ́ ìròyìn báyìí, mo sì ń pa fóònù kí ilẹ̀ tó ṣú pátápátá. Àwọn kan ní mi ò bìkítà fún ìlú mọ́. Mo bìkítà, mo sì gbà gbọ́ pé yóò dára fún wa. Mo kàn fẹ́ wà láàyè kí ó ṣojú mi ni. Ojoojúmọ́ ni mo ń lo oògùn mi, yálà ara yá tàbí kò yá. Bí owó oògùn bá wọ́n jù fún yín, ẹ sọ fún dókítà yín kí ó wá èyí tí apá yín ká, ẹ má kàn dá a dúró. Ẹ sì jẹ́ kí wọ́n wọn ìfúnpá yín lọ́sẹ̀ yìí, pàápàá ẹ̀yin ọkùnrin tí ẹ máa ń ní kò sí ohun tó ń ṣe yín.

Ọmọ mi, ìwọ tí o sá wọlé lóru láìwọ bàtà, o kò ní wá olùrànlọ́wọ́ tì. Ẹlẹ́dàá kò ní jẹ́ kí ohùn tìrẹ náà há. Gbogbo ẹ̀yin tí ẹ ń kà á, ẹ bá mi ṣe àmín sí i.