Ẹ Má Fà Á

"Fà á! Fà á! Ẹ fà á wá!"

Ọkùnrin mẹ́ta ló ń pariwo lórí jẹ́tì, ẹnikẹ́ni ò sì pè wọ́n. Ọ̀kan ń ta gàlà, ọ̀kan ń tún ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ojú omi ṣe. Ẹ̀kẹta ńkọ́? Títí di òní n ò mọ iṣẹ́ tó ń ṣe. Akẹ́kọ̀ọ́ mi ti ju okùn iwájú ọkọ̀ sí wọn kí n tó la ẹnu. Wọ́n gbá okùn náà mú, wọ́n fà á bí ẹni ń fa àwọ̀n ẹja. Orí ọkọ̀ lọ forí sọ táyà tí wọ́n so mọ́ jẹ́tì, ìdí rẹ̀ yà sí àárín omi, omi tó ń ti ẹ̀yìn bọ̀ bá a níbẹ̀, ó sì yí wa po bìrí. Kí a tó mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀, ibi tí a ti ń bọ̀ la kọjú sí. Ọkọ̀ akérò kan tó ń bọ̀ láti abẹ́ afárá Fálómọ̀ ní láti yà fún wa. Ẹni tó ń wà á bú wa dáadáa. Kò parọ́.

Ní Southampton, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ọdún mẹ́sàn-án ni mo ti fi ń kọ́ àwọn èèyàn bí wọ́n ṣe ń gbé ọkọ̀ ìgbòkun wá sí èbúté. Ó ṣòro láti ṣàlàyé iṣẹ́ yìí fún màmá mi ní Èbúté Mẹ́ta. Nígbà tí mo kọ́kọ́ sọ fún wọn lórí fóònù, wọ́n dákẹ́ díẹ̀, wọ́n ní, "Kí èèyàn so ọkọ̀ mọ́lẹ̀ bí ẹni so ewúrẹ́, ìyẹn ni òyìnbó ń sanwó fún?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, mà. Wọ́n ní kí Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́ kí òyìnbó gbọ́n títí tí màá fi kọ́lé.

Èmi náà ò mọ omi tẹ́lẹ̀. Ọmọ Èkó ni mí lóòótọ́, àmọ́ irú ọmọ Èkó tó jẹ́ pé inú dánfó lórí Third Mainland Bridge ló ti ń wo ọ̀sà. Mo dé Southampton ní 2009, iṣẹ́ alẹ́ ni mò ń ṣe, níbi tí wọ́n ti ń kó ẹrù pa mọ́. Ẹnì kan tí a jọ ń ṣiṣẹ́ ló mú mi wọ ọkọ̀ ìgbòkun lọ́jọ́ Sunday kan, bó ṣe wọ̀ mí lára nìyẹn. Lọ́jọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ ní kí n dá gbé ọkọ̀ wọlé ní odò Hamble, mo lọ gbá ọkọ̀ olówó kan lẹ́gbẹ̀ẹ́. Ọ̀gá tó ń kọ́ mi ò pariwo. Ó kàn sọ pé bí mo bá ṣe fẹ́ gbá èbúté tó, kí n máa sáré tó bẹ́ẹ̀. Láti ọjọ́ náà, ìgbín ni mí tí mo bá ti rí ilẹ̀.

Nínú oṣù October, ọ̀rẹ́ mi kan ní Ìkòyí tó ra ọkọ̀ ìgbòkun àlòkù, ẹsẹ̀ bàtà 26, tó ní ẹ́ńjìnnì díẹ́sù kékeré, kó èèyàn mẹ́fà jọ, ó ní kí n wá kọ́ wọn. Mo gba ìsinmi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Mo kó ìwé dání, mo kó okùn dání, mo sì kó ìgbéraga díẹ̀ mọ́ ọn.

Ìgbéraga yẹn ló ṣe mí. Ní Southampton, ìyàtọ̀ láàárín ìgbà tí omi kún àti ìgbà tó fà lè tó mítà 4 nígbà tí òṣùpá bá ṣẹ̀ṣẹ̀ lé tàbí tó bá mọ́lẹ̀ rokoṣo. Omi ibẹ̀ tún ní ìwà tirẹ̀: á kún, á fà díẹ̀, á tún kún padà. Kò sẹ́ni tó ń tú ọkọ̀ níbẹ̀ láìwo ìwé tó ń sọ àkókò omi. Ti Èkó ò ju nǹkan bíi mítà 1 lọ. Mo wò ó, mo ní, ṣé èyí náà ni omi? Mo wo àsíá, mo rí i pé láti gúúsù ìwọ̀ oòrùn ni afẹ́fẹ́ ti ń bọ̀ bó ṣe máa ń ṣe, mo ní ká máa lọ. N ò rò ó pé gbogbo ọ̀sà tó fẹ̀ lọ yẹn, tòun ti omi odò Ògùn àti òjò tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dáwọ́ dúró, ẹnu tóóró kan ló ń gbà bọ́ sínú òkun, láàárín òkúta tí wọ́n tò sí ẹnu ọ̀nà tí àwọn ọkọ̀ ńlá ń gbà wọ Àpápá. Omi ò ga, àmọ́ ó ń sáré.

Bàbá Ìlàjẹ kan tó ń ṣọ́ jẹ́tì ló là mí lójú. Wọ́n jẹ́ kí ariwo rọlẹ̀, wọ́n pè mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, wọ́n ní, "Ìwọ ọmọ ìlú òyìnbó yìí, ṣé o rí òpó yẹn?" Mo tẹjú mọ́ òpó igi tó gbé jẹ́tì dúró. Omi wú díẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ kan lára rẹ̀. Ní ẹ̀gbẹ́ kejì, ó ń lọ́ bí ìgbà tí wọ́n bá ń fi ọmọrogùn ro ògì lórí iná. Ọ̀rá píọ́ wọ́tà kan kọjá lọ síhà Marina bí ẹni ń fẹsẹ̀ rìn, ìṣù ewéko kan tó ń léfòó, òdòdó àlùkò lórí, ń tẹ̀ lé e lẹ́yìn. "Láti àárọ̀ ló ti ń fà," wọ́n ní. "Ẹ̀yin sì ń bá a lọ. Ta ní í bá omi lọ, tó tún fẹ́ dúró?"

Ojú tì mí, torí òfin àkọ́kọ́ tí mo máa ń kọ́ àwọn èèyàn nìyẹn. Ọkọ̀ ojú omi ò ní búrékì. Èyí tó bá lágbára jù nínú omi àti afẹ́fẹ́ ni ká kọjú sí, òun ló máa bá wa dá a dúró. Tí o bá kọjú sí i, tí o fún ẹ́ńjìnnì ní ìwọ̀nba, ọkọ̀ á dúró sójú kan bí àwòdì tó ń wo òròmọdìẹ, wàá wá máa rọra sún un sí jẹ́tì. Láti ọjọ́ kejì, n ò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tú okùn láì kọ́kọ́ wo òpó bàbá náà, kó sọ fún mi ibi tí omi ń lọ.

Ọ̀rọ̀ "fà á" ló le jù. Lójú tiwa, ẹni tó bá rí okùn tí kò fà á, kò fẹ́ràn ọmọnìkejì rẹ̀. Báwo lo ṣe fẹ́ sọ fún ẹni tó ń ṣoore pé oore rẹ̀ ló ń gbé ìdí ọkọ̀ lọ? Okùn tí mo máa ń ní kí wọ́n kọ́kọ́ so kì í ṣe ti iwájú rárá. Ti àárín ọkọ̀ ni, tí a nà sẹ́yìn sórí jẹ́tì. Tó bá ti kọ́ irin oníwo méjì tó wà lórí jẹ́tì, kí ẹ́ńjìnnì máa rọra ti ọkọ̀ síwájú. Okùn á dá a dúró, ọkọ̀ á sì fẹ̀gbẹ́ ti jẹ́tì fúnra rẹ̀. Ẹnì kan lè dá a ṣe láìlàágùn.

Bí a ṣe ń so ó mọ́ irin oníwo méjì náà ní ọ̀nà tirẹ̀. Ìwo tó jìnnà sí ọkọ̀ ni okùn á kọ́kọ́ gbà lẹ́yìn, á yí ìdí irin ká pátá, kó tó wá máa dábùú bíi nọ́ńbà 8. Ìyípo àkọ́kọ́ yẹn ló gbé gbogbo ẹrù. Ìyókù kàn ń ṣọ́ ọ ni. Nọ́ọ̀sì kan wà nínú wọn tí kò tíì mọ ìwẹ̀, tí kì í bọ́ láífù jákẹ́ẹ̀tì àní lórí ilẹ̀. Ó ní etí gáàsì ilé òun lòun fi ń dánra wò lálaalẹ́. Nígbà tó fi máa di ọjọ́ kẹrin, ó ń so okùn láì wo ọwọ́ rẹ̀.

Ẹ̀ẹ̀kan péré ni mo pariwo. Ọmọkùnrin kan tó ń ṣiṣẹ́ ní báńkì rí i pé a ti fẹ́ gbá jẹ́tì, ó na ẹsẹ̀ síta láti fi dá ọkọ̀ dúró. Ọkọ̀ tó wúwo tó tọ́ọ̀nù méjì àbọ̀! Mo fi kọ́là fà á padà. Mo ní, "Táyà pọ̀ ní Èkó, ẹsẹ̀ méjì péré lo ní." Ó bínú sí mi títí di ọ̀sán.

Okùn búlúù tí wọ́n ń tà káàkiri, ẹ má fi so ọkọ̀ yín tí ẹ bá rí náílọ́ọ̀nù rà. Ó ń léfòó, tó bá já bọ́, abẹ ẹ́ńjìnnì tó ń yí lábẹ́ omi ló ń wá kiri. Lẹ́ẹ̀mejì ni bàbá náà bá wa fi ọ̀bẹ gé e kúrò, ìgbà kejì wọ́n gba owó.

Lọ́jọ́ tó kẹ́yìn, nọ́ọ̀sì yẹn ló gbé ọkọ̀ wọlé. Ó ti wo òpó, ó kọjú sí omi, kò yára. Ẹni tó ń ta gàlà ti sọ ẹrù rẹ̀ kalẹ̀, ó ti na ọwọ́. "Ju okùn, àǹtí! Ká fà á!"

"Ẹ jọ̀ọ́, sà, ẹ má fà á. Ẹ ṣáà bá mi fi kọ́ irin yẹn."

Ọkùnrin náà fi kọ́ ọ. Ó dúró, ó ń wo ọkọ̀ bó ṣe ń rọra fẹ̀gbẹ́ ti táyà láìsí ariwo, ó wo ọwọ́ ara rẹ̀, ó wò mí. "Ṣé ó ti parí náà nìyẹn?"

Mo ní ó ti parí. Ó gbé gàlà rẹ̀, ó ń lọ, ó ń mi orí.