Bí àtakò yín sí ìwakùsà ṣe máa lẹ́sẹ̀ nílẹ̀

Ìwé kan ti wà lára ògiri sẹkitéríàtì ìjọba ìbílẹ̀: ilé-iṣẹ́ kan fẹ́ wa wúrà lágbègbè yín, ìwé àyẹ̀wò àyíká tí gbogbo ayé ń pè ní EIA sì ti wà nílẹ̀ fún kíkà. Ọjọ́ 21 lẹ ní láti fèsì. Ọjọ́ iṣẹ́ ni wọ́n ń kà; Sátidé, Sọ́ńdè àti ìsinmi ìjọba kò sí nínú rẹ̀. Ẹ ya fọ́tò ìwé yẹn lójú ẹsẹ̀ kí déètì orí rẹ̀ hàn ketekete, kí òjò tó fà á ya.

Òfin EIA ti 1992 fún yín lẹ́nu ọ̀rọ̀: abala 7 ní ìjọba gbọ́dọ̀ fún ará ìlú láàyè láti sọ tẹnu wọn kó tó pinnu. Ìwakùsà tuntun tí ilẹ̀ rẹ̀ bá ju héktà 250 lọ kò lè yẹ EIA kíkún sílẹ̀. Lórí máàpù ìwakùsà, àpótí onígun mẹ́rin kọ̀ọ̀kan tí wọ́n ń pè ní cadastral unit fi díẹ̀ ju héktà 20 lọ. Ẹ ka àwọn àpótí náà. Tí wọ́n bá ti pé 13, wọ́n ti kọjá 250.

Ẹ má kọ "a ò fẹ́" lásán. Ìgbìmọ̀ tó ń yẹ EIA wò á kọ ọ́ sílẹ̀ pé ẹ̀rù ń ba ará ìlú, wọn á sì kọjá síbòmíì. Tí ẹ bá kọ ọ́ pé ojú-ìwé báyìí nínú EIA ní kànga mẹ́ta péré ló wà lábúlé yín, bẹ́ẹ̀ mọ́kànlá lẹ kà, tí ẹ sì to ibi tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wà sílẹ̀, dandan ni kí ilé-iṣẹ́ náà wá èsì sí i.

Kànga ni mo fẹ́ kí ẹ tẹra mọ́ jù. Bí kòtò ìwakùsà bá ti jìn ju ibi tí omi ilẹ̀ wà, wọ́n á máa fa omi jáde tọ̀sán-tòru, omi kànga tó wà nítòsí á sì máa lọ sílẹ̀. Ẹni tí kò wọn kànga rẹ̀ tẹ́lẹ̀ kò ní ẹ̀rí kankan lọ́jọ́ tó bá gbẹ. Ẹ so òkúta mọ́ okùn tí kì í fà, ẹ sọ̀ ọ́ kalẹ̀ títí yóò fi kan omi, ẹ fi ìka di okùn náà mú ní ẹnu kànga, kí ẹ fà á jáde, kí ẹ fi tépù wọ̀n ọ́n. Ìdájí ló dára, kí ẹnikẹ́ni tó pọn omi, torí kànga tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ pọn kò tíì sun padà. Ẹ kọ déètì, aago, iye mítà, àti ibi tí GPS fóònù yín tọ́ka sí. Ẹ wọ̀n ọ́n nígbà ẹ̀ẹ̀rùn àti nígbà òjò. Ọjọ́ 21 kò gba ìgbà méjèèjì, ìdí nìyẹn tó fi yẹ kí ẹ bẹ̀rẹ̀ ní gbàrà tí ẹ bá ti rí àwọn tó ń gbẹ́ ilẹ̀ wò.

EIA náà gbọ́dọ̀ ní àyẹ̀wò ìgbà méjèèjì. Ẹ wo déètì tí wọ́n bu omi odò. Bó bá jẹ́ pé àárín òjò ni wọ́n bu gbogbo rẹ̀, àtakò tó lágbára nìyẹn, torí omi púpọ̀ máa ń la májèlé tó wà nínú odò. Ẹ̀ẹ̀rùn ló ń fi í hàn.

Òfin ìwakùsà ti 2007, abala 3, kò gba ìwakùsà láyè nínú ìlú, abúlé, ọjà, itẹ́ òkú àti ojúbọ, tàbí láàárín 50 mítà sí títì ìjọba, ilé ìjọba àti ìsédò. Ẹ fi ọwọ́ ara yín wọ̀n ọ́n. Orúkọ ojúbọ nìkan kò tó, ẹ fi fọ́tò àti GPS tì í.

Ẹ má fi ọ̀rọ̀ owó oko àti owó ilẹ̀ sínú lẹ́tà àtakò yín. Tẹni tó ni ilẹ̀ wà ní abala 100 òfin 2007, àdéhùn ìdàgbàsókè ìlú sì wà ní abala 116. Tí ẹ bá pò wọ́n pọ̀, wọ́n á ní owó lẹ ń wá.

Lẹ́tà kan náà tí 400 ènìyàn fọwọ́ sí, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló jẹ́ lójú ìgbìmọ̀. Lẹ́tà mẹ́wàá tí ọ̀kọ̀ọ̀kan mú ẹ̀rí tirẹ̀ wá sàn jù ú lọ. Àdírẹ́sì tó wà lórí ìwé ara ògiri ni kí ẹ fi ránṣẹ́ sí. Ẹ lè fún Kábíyèsí àti gómìnà ní ẹ̀dà, ṣùgbọ́n ẹ̀dà kò dípò. Kí wọ́n fi òǹtẹ̀ lu ẹ̀dà tiyín, pẹ̀lú déètì. Ẹ béèrè nínú lẹ́tà náà pé kí ìgbìmọ̀ aṣàgbéyẹ̀wò jókòó ní gbangba nítòsí yín: abala 26 òfin EIA ka àníyàn ará ìlú mọ́ ohun tó lè mú kí wọ́n gbé ọ̀rọ̀ dé iwájú irú ìgbìmọ̀ bẹ́ẹ̀.

Abala 9 òfin EIA ní kí ìpinnu wà lákọsílẹ̀ pẹ̀lú ìdí rẹ̀. Bí wọn kò bá fi hàn yín, ẹ fi òfin FOI ti 2011, tó fún ará ìlú lẹ́tọ̀ọ́ láti rí ìwé ìjọba, béèrè. Ọjọ́ 7 ni wọ́n ní láti dáhùn. Ẹ wá àtakò yín nínú EIA ìkẹyìn. Bí ẹ kò bá rí i, ẹ mú ẹ̀dà olóǹtẹ̀ yẹn tọ lọ́yà lọ lọ́sẹ̀ yẹn gan-an.