Ẹ Fọwọ́ Bo Orúkọ Wọn, Kẹ́ Ẹ Wá Kà Á

Mo kọ ìwé eré fíìmù kan lọ́dún tó kọjá, ojú ìwé 104, inú mi sì dùn sí i gan-an. A wá jókòó yí tábìlì ká láti kà á sókè, àwọn òṣèré bíi mẹ́fà, kálukú mú ìwé tiẹ̀ dání. A ò tíì kà á jìnnà tí ọ̀kan nínú wọn fi dákẹ́, ó wo ìwé, ó wò mí, ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́, èmi ni mo ni ọ̀rọ̀ yìí ni àbí àbúrò mi?" Kò wá ìjà o. Ó ti ṣi ibi tó yẹ kó kà, ó ti ka ọ̀rọ̀ ẹlòmíì tó bí ìlà mẹ́rin, kò sì sẹ́nì kankan nínú yàrá yẹn tó fura, èmi tí mo jókòó kọ ọ́ gan-an ò fura.

Ó dùn mí wọra. Mo délé, mo gé páálí tín-ínrín kan, mo fi ń bo orúkọ wọn (nínú ìwé eré, orúkọ ẹni tó ń sọ̀rọ̀ máa ń dá wà lókè ọ̀rọ̀ ẹ̀, ní lẹ́tà ńlá), mo wá ń ka ọ̀rọ̀ tó wà nísàlẹ̀ nìkan. Yéè. Èmi ni mo ń sọ̀rọ̀ látòkè délẹ̀. Ìyá ẹni àádọ́rin ọdún ń sọ̀rọ̀ bíi tèmi, àbíkẹ́yìn ẹ̀ ń sọ̀rọ̀ bíi tèmi, dókítà tó jẹ́ pé ẹ̀ẹ̀kan péré ló wọlé náà ń sọ pé "ká má parọ́ fúnra wa," gbogbo ẹni tó mọ̀ mí ló sì mọ̀ pé ẹnu mi ni gbólóhùn yẹn ti ń jáde.

Ohun tó wá yà mí lẹ́nu ni pé mo rò pé mo ti yà wọ́n sọ́tọ̀. Mo ti wọ awò ojú fún ọ̀kan, mo ní kí ọ̀kan máa tiro, mo sọ ọ̀kan di lọ́yà, mo kọ ọjọ́ orí gbogbo wọn síbẹ̀. Aṣọ lásán ni gbogbo ìyẹn. Ẹ yọ awò lójú lọ́yà yẹn, kí ló kù? Kò kù nǹkan kan.

Ní tèmi, ohun téèyàn ń wá àti ọ̀nà tó ń gbà wá a ló ń jẹ́ kó yàtọ̀ sí ẹlòmíì. Ẹni mẹ́ta lè máa wá nǹkan kan náà, ọ̀kan á bẹ̀bẹ̀, ọ̀kan á halẹ̀, ọ̀kan á ṣe bí ẹni pé òun ò fẹ́ ẹ rárá títí wọ́n á fi gbé e wá bá a. Aristotle, ọlọ́gbọ́n ará Gíríìsì nì, ti sọ ohun tó jọ bẹ́ẹ̀ láyé àtijọ́, pé ohun téèyàn yàn àti ohun tó kọ̀ la fi ń mọ irú ẹni tó jẹ́. Àwa náà ṣáà máa ń sọ pé èéfín nìwà, kò ṣé bò.

Mo padà lọ wo fíìmù 12 Angry Men, èyí tí wọ́n ṣe lọ́dún 1957, Reginald Rose ló kọ ọ́. Ọkùnrin méjìlá tí ilé ẹjọ́ yàn láti dá ẹjọ́, yàrá kan, bóyá ọmọ kan ló pa bàbá ẹ̀ àbí òun kọ́ ni wọ́n fẹ́ pinnu, wọn ò sì fi orúkọ pe ara wọn, ìparí pátápátá la tó gbọ́ orúkọ ẹni méjì. Síbẹ̀ ẹ ò lè ṣi ọ̀kan mú fún èkejì. Ọ̀kan ti ra tíkẹ́ẹ̀tì eré bọ́ọ̀lù sápò, ó kàn fẹ́ kí wọ́n tètè ṣe é kóun máa lọ ni. Ọ̀kan ní ọmọ tiẹ̀ tó ti bá a jà, tó ti lọ, ìbínú ọmọ yẹn ló ń gbé ka ọmọ tí wọ́n ń dájọ́ ẹ̀. Ọ̀kan wọ kóòtù ẹ̀ pẹ́ẹ́ nínú ooru, kò làágùn, àfi ìgbà tí wọ́n bi í ní nǹkan tí ò lè rántí dáadáa, tó wá fa áńkáṣíìfù yọ.

Mo wá gbé síìnì tó dààmú mi jù síwájú. Àwọn ọmọ mẹ́ta dúró sí kọ́rídọ̀ ilé ìwòsàn, èsì àyẹ̀wò ìyá wọn wà lọ́wọ́ wọn. Bí mo ṣe kọ ọ́ tẹ́lẹ̀, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló ń sọ pé "kí la fẹ́ sọ fún Màámi báyìí," wọ́n kàn ń gbà á lẹ́nu ara wọn ni. Mo bi wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan pé kí lo fẹ́ gan-an ní ìṣẹ́jú yìí. Àkọ́bí fẹ́ kí ìyá wọn má mọ̀. Èyí tó tẹ̀ lé e fẹ́ kó mọ̀, ṣùgbọ́n kó má ti ẹnu òun jáde. Àbíkẹ́yìn fẹ́ kí wọ́n ka òun sí àgbà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo láyé òun. Bí mo ṣe mọ ìyẹn tán ni ẹnu wọn yà sọ́tọ̀. Àkọ́bí ò dáhùn ìbéèrè kankan, ó ká ìwé náà sí mẹ́rin, ó tì í bọ báàgì ẹ̀, ó fa síìpù. Èyí àárín ń béèrè ibi tí wọ́n páàkì mọ́tò sí. Àbíkẹ́yìn ní, "Ẹ jẹ́ n rí i." Kò sẹ́ni tó dá a lóhùn. "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ n rí i." Wọn ò tún dá a lóhùn. Ó wá ní, "Mú un wá."

Kò sí "ẹ" níbẹ̀ mọ́. Ọmọ tó ti ń fi "ẹ" bá ẹ̀gbọ́n ẹ̀ sọ̀rọ̀ láti ojú ìwé kìíní ló já a sílẹ̀ yẹn, mi ò sì nílò kí n kọ ọ́ sínú àkámọ́ pé inú ń bí i. Ọ̀rọ̀ bíńtín yẹn ń ṣiṣẹ́ ńlá nínú èdè wa, ó máa ń dùn mí tí mo bá rí ìwé eré tí gbogbo èèyàn inú ẹ̀ ń lò ó bákan náà.

Ẹ kàn má torí ìyẹn fún kálukú ní gbólóhùn kan tí á máa pè ṣáá o, kẹ́nì kan máa pòwe ní gbogbo ìlà kí èkejì máa ní "ṣé o gbọ́." Ojú ìwé kan tó bí ìṣẹ́jú kan nínú fíìmù, kó tó pé ìṣẹ́jú mẹ́wàá á ti sú àwọn tó ń wò ó. Ẹ má sì fún ẹni méjì lórúkọ tó bẹ̀rẹ̀ bákan náà, ojú ẹni tó ń kà á á máa ṣì wọ́n mú.

Ìbéèrè tó tún ràn mí lọ́wọ́ gan-an ni pé, báwo lẹni yìí ṣe ń parọ́? Àkọ́bí yẹn máa ń dákẹ́ ni. Èyí àárín máa ń ṣàlàyé jù, ẹ bi í ní aago mélòó ló dé, á sọ bí ọ̀nà ṣe rí fún yín. Àbíkẹ́yìn ò mọ irọ́ pa, ìdí nìyẹn tí wọn kì í fi í sọ nǹkan kan fún un. Nígbà tí mo rí ìyẹn ni mo tó mọ̀ pé àbíkẹ́yìn ò tíì gbọ́ nípa àìsàn ìyá wọn tìṣáájú, mo sì ní láti tún nǹkan bí ojú ìwé 20 kọ.

Ìyá wọn ló ṣẹ́ kù. Gbogbo ìgbà tó bá ya ẹnu báyìí, ohùn mi ni mò ń gbọ́, torí náà mo gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu ẹ̀ ná. Lálẹ́ àná mo kọ ibi tí àwọn ọmọ ti wọlé wá bá a lórí bẹ́ẹ̀dì. Ó wojú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, kò sọ nǹkan kan, ó wá nawọ́ sí báàgì àkọ́bí.