Ilé adìyẹ ẹ̀yìnkùlé, àkọsílẹ̀ kẹsàn-án: èèpo ẹ̀gẹ́ tí ó kọ̀ tí kò gbẹ

Ní ìrọ̀lẹ́ àná ni mo da odindi àpò èèpo ẹ̀gẹ́ kan sínú kòtò ajílẹ̀, inú mi kò sì dùn rárá. Ẹ̀yin tí ẹ ti ń bá mi bọ̀ láti ìgbà tí mo ti kan ilé adìyẹ yìí yóò rántí ìlérí mi pé, kí òjò tó kásẹ̀ nílẹ̀, èèpo ẹ̀gẹ́ yóò ti gba ipò ìdajì àgbàdo tí àwọn àgbébọ̀ mi mẹ́rìnlá ń jẹ. Òjò ti fẹ́ kásẹ̀ nílẹ̀ báyìí, àgbàdo náà ni wọ́n ṣì ń jẹ.

Àwọn iṣẹ́ yòókù ti parí. Kẹ́ẹ̀gì òróró onílítà 25 mẹ́rin ni mo gé ṣe ìtẹ́, ẹyọ kan ṣoṣo ni gbogbo wọn sì ń jà dù. Eérú ààrò àti iyanrìn ni wọ́n fi ń wẹ̀ ní igun. Èèpo ẹyin ni a ń sá, tí a ń yan, tí a sì ń gún kúnná kí wọ́n má baà mọ̀ pé ẹyin ni.

Ọ̀rọ̀ èèpo ẹ̀gẹ́ ni kò lójú. Èèpo tútù kò ṣeé dà fún adìyẹ, nítorí pé oró sáyánáìdì inú èèpo pọ̀ ju ti inú ẹ̀gẹ́ fúnra rẹ̀ lọ. Àwọn onímọ̀ ILRI, ilé ìwádìí àgbáyé lórí ẹran ọ̀sìn, tí wọ́n ń ṣiṣẹ́ nínú ọgbà IITA, ilé ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀ tí ó wà ní Ìbàdàn, ti fi ọ̀nà rẹ̀ hàn: kí a rin ín, kí a fún un, kí a jọ̀ ọ́, kí a tó sá a. Rírin ni yóò tú oró náà sílẹ̀, púpọ̀ nínú rẹ̀ yóò bá omi lọ nígbà tí a bá fún un, oòrùn yóò sì lé púpọ̀ nínú èyí tí ó bá kù. Nǹkan bí tọ́ọ̀nù 3 èèpo tútù ni ó máa ń di tọ́ọ̀nù 1 gbígbẹ.

Èmi tí mo gbọ́n ju àwọn onímọ̀ lọ, àdá ni mo kọ́kọ́ fi gé tèmi, mo sì sá a sórí tápólì. Ní ọjọ́ kẹta, ó ti hu. Ní ẹ̀ẹ̀kejì, mo gbé e lọ sí ibi ẹ̀rọ, wọ́n bá mi rin ín, ṣùgbọ́n òkúta mẹ́ta ni mo gbé lé àpò náà di ọjọ́ kejì. Lẹ́yìn tí mo ti sá a fún ọjọ́ méjì, ó ń dún kerekere lọ́wọ́, mo sì dì í sápò. Ìgbà tí mo tú àpò náà lánàá, àárín rẹ̀ gbóná, ó sì ti hu ewé-ewé. N kò jẹ́ fi irú rẹ̀ fún adìyẹ, nítorí pé aflatoxin, oró kan tí ó lè wà nínú oúnjẹ tí ó bá hu, a máa ba ẹ̀dọ̀ wọn jẹ́, yíyan kì í sì í pa á. Oòrùn ni mo ti ń bú láti ìgbà yìí. Òkúta mi ni kò wúwo tó.

Rírí èèpo náà pàápàá ti ń nira. Nígbà kan, àwọn ìyá tí ń bó ẹ̀gẹ́ ní ibi tí wọ́n ti ń yan gàrí a máa bẹ ènìyàn kí ó wá kó o kúrò níwájú wọn. Báyìí, àwọn tí ń sin ẹlẹ́dẹ̀ a ti dé ibẹ̀ ní kùtùkùtù pẹ̀lú kẹ̀kẹ́ akẹ́rù. “Bàbá Ìbejì,” ni ọ̀kan nínú àwọn ìyá náà wí fún mi, “ìdọ̀tí ti di ọjà o.” Ẹni tí yóò bá rà á, èyí tí wọ́n bó láàárọ̀ ọjọ́ náà ni kí ó béèrè, kí iyanrìn tó dà pọ̀ mọ́ ọn, nítorí pé iyanrìn a máa ba eyín ẹ̀rọ jẹ́.

Mo ti fẹ́ kọ ọ́ síbí pé n óò ra jáàkì ọkọ̀, n óò sì kan férémù sí i, kí n lè máa fi fún èèpo dípò òkúta. Bí mo ṣe ń kọ ọ́ ni mo rántí pé jáàkì tí àwọn ìyá agàrí náà fi ń fún ẹ̀gẹ́ a máa ṣófo láti alẹ́ Àbámẹ́ta, nítorí pé wọn kì í yan gàrí lọ́jọ́ Àìkú. Kí ni mo fẹ́ fi férémù ṣe? Mo sì ti fi ìlérí ìdajì àgbàdo yẹn sílẹ̀. Agolo kan nínú márùn-ún ni n óò fi rọ́pò àgbàdo, nítorí pé purotéènì inú èèpo kéré, kúlíkúlí ni yóò sì dí àlàfo náà. Ewé tẹ̀tẹ̀ yóò bá a rìn, kí pupa ẹyin má baà funfun.

Àpò tí mo dànù ti ń gbóná dáadáa láàárín ìgbẹ́ adìyẹ àti lẹ́búlẹ́bú pákó nínú kòtò. Ní ti jáàkì, mo ti ránṣẹ́ sí ìyá tí ó ní ìdọ̀tí ti di ọjà yẹn. Ó ní kí n wá ní agogo méje alẹ́ Àbámẹ́ta, kí n mú àpò tèmi dání, kí n sì fọ pákó jáàkì òun mọ́ kí n tó lọ.