Ààrò Súyà ní Guangzhou: Ibi Tí Iṣẹ́ Dé

Sátidé. Ààrò tí mo rà lórí Taobao, ọjà orí íńtánẹ́ẹ̀tì ilẹ̀ Ṣáínà níbí, ti dé. Irú èyí tí àwọn ará Xinjiang, ní ìwọ̀ oòrùn Ṣáínà, fi ń sun ẹran àgùntàn lẹ́bàá títì ni: àpótí irin gígùn tóóró, tí ẹnu rẹ̀ kò fẹ̀ tó igi ẹran. Kò nílò àwọ̀n irin rárá. Etí rẹ̀ méjèèjì ni wọ́n ń gbé igi lé, ẹran á wà lókè ẹyinná gan-an, ìdí igi á yọ síta, kò ní jóná. Àfi bíi pé ẹlẹ́ran súyà ló ní kí wọ́n rọ ọ́! Onírin nínípọn ni kẹ́ ẹ rà o. Fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tó ń dán yẹn, tí iná bá ti mú un, á wọ́.

Wọn ò gbà ká dáná ní báńkónì, n ò sì bá wọn jà: ibẹ̀ ni gbogbo ilé ń sá aṣọ sí. Oko ìgbafẹ́ kan lápá Conghua, lẹ́yìn ìlú, la máa gbé e lọ. Owó àyè ni wọ́n ń gbà, èéfín ò kàn wọ́n.

Mọ́ńdè. Èédú. Jizhitan ló pọ̀ jù lọ́jà, èyí tí wọ́n fi lẹ́búlẹ́bú pákó tẹ̀, tó ní ihò láàárín. Ó máa ń pẹ́ kó tó kú, àmọ́ kò tètè ràn, kò sì ní òórùn kankan. Òórùn lèmi sì ń wá. Èédú igi eléso ni mo mú. Ṣebí igi lychee, igi eléso kan, làwọn ará Guangdong, ìpínlẹ̀ tá a wà yìí, fúnra wọn fi ń sun pẹ́pẹ́yẹ ọlọ́rùn gígùn wọn.

Tọ́sìdè. Yájì, ìyẹn ata súyà, ibí gan-an niṣẹ́ wà. Ata Xinjiang pupa lójú lásán, kò ta. Xiaomila, ata wẹ́wẹ́ tó ń ta gan-an láti Yunnan, ni mo fi kún un. Atalẹ̀ ò wọ́n níbí. Kúlíkúlí ló gba sùúrù: mo yan ẹ̀pà, mo lọ̀ ọ́, mo dì í sínú aṣọ funfun, mo wá gbé ìkòkò omi lé e lórí. Òróró ń kán tó, tó, tó. Ó gbọ́dọ̀ kán tán, torí yájì tó bá lóróró á dì mọ́ra, á sì jó kí ẹran tó jinná.

Ẹ̀gbọ́n tá a jọ ń gbé ní kí n fi kumini, èròjà olóòórùn kan, sí i bíi tàwọn ará ibí. Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jọ̀ọ́, ṣé súyà lẹ fẹ́ jẹ àbí ẹran Xinjiang?"

Ó di Sátidé tó ń bọ̀, tójò ò bá rọ̀. Ẹran màlúù ti wà nílẹ̀ lọ́dọ̀ alápatà Mùsùlùmí ní Xiaobei, àdúgbò táwọn ọmọ Áfíríkà ti ń ṣòwò ní Guangzhou. Àlùbọ́sà ló kù, àti ìwé ìròyìn tá a máa fi dì í. Ìyẹn gan-an ló wọ́n: orí fóònù ni gbogbo wọn ti ń kà á.