Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ní Kùtọnu: bí mo ṣe yọ Gẹ̀ẹ́sì kúrò láàárín

Kí n tó rékọjá bodè Sẹ̀mẹ̀, ọdún mẹ́ta gbáko ni mo ti fi kọ́ Faransé ní yunifásítì. Mo máa ń gba máàkì tó dáa. Àmọ́ mi ò tíì fi Faransé ra nǹkan rí, mi ò tíì fi bẹ èèyàn rí, mi ò sì tíì fi bá ọmọ kékeré ṣeré rí.

Ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ Faransé ní Nàìjíríà ló ń lọ sí Abúlé Faransé ní Àgbádárìgì, tí ìjọba àpapọ̀ dá sílẹ̀ ní 1991, kí èdè náà lè mọ́ wọn lẹ́nu. Àwọn mìíràn a máa lọ sí Lomé tàbí Kùtọnu. Màámi kó àjọ wọn ṣáájú àsìkò kí n lè bá àwọn tó ń lọ sí Yunifásítì Abomey-Calavi, nítòsí Kùtọnu ní orílẹ̀-èdè Benin, lọ. Wàhálà físà kò sí níbẹ̀, torí ọmọ ECOWAS lè lo 90 ọjọ́ nílùú ara wọn láì gba físà.

Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé tí a gbà, màmá kan wà tó ń ta atassi, ìrẹsì àti ẹ̀wà tí wọ́n sè pọ̀. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì tí a débẹ̀, mo dúró níwájú wọn, mo sọ ọ́ bí wọ́n ṣe kọ́ wa: « Je voudrais du riz, s'il vous plaît. » Kò sí àṣìṣe kankan nínú rẹ̀. Màmá wò mí, wọ́n sì ń ro ọbẹ̀ wọn lọ. Ọmọbìnrin kan dé lẹ́yìn mi, ó tẹ orúnkún díẹ̀, ó ní, « Bonjour maman, bonne assise. » Ojú màmá tàn. Wọ́n bi í nípa ìyá rẹ̀, wọ́n bi í nípa iléèwé, wọ́n bu oúnjẹ fún un, ó lọ. Èmi ṣì wà lórí ìdúró.

Ọ̀rọ̀ yẹn kò kúrò lọ́kàn mi títí ilẹ̀ fi ṣú. Bonne assise. Mi ò rí i rí nínú ìwé kankan tí a kà. Ìgbà tí mo dùbúlẹ̀ ló tó yé mi: ẹ kú ìjókòó ni! Bonne arrivée tí wọ́n fi ń pàdé àlejò, ẹ káàbọ̀ ni. Faransé ni wọ́n ń sọ, ṣùgbọ́n ìkíni ilé baba wọn, tó jọ tiwa bí ìbejì, ni wọ́n rọ sínú rẹ̀. Ní ìdájí ọjọ́ kejì mo kúnlẹ̀, mo kí màmá dáadáa kí n tó dárúkọ ìrẹsì. « Bonne arrivée, ma fille, » ni wọ́n wí, wọ́n sì bu èènì sí i fún mi.

Lẹ́yìn ìyẹn ni mo bẹ̀rẹ̀ sí í fetí sílẹ̀ lọ́nà mìíràn. Níléèwé, quatre-vingts máa ń dà wá lọ́kàn rú: kí ló dé tí wọn ò kàn wá orúkọ kan fún 80, tí wọ́n ń pè é ní ogún mẹ́rin? Ìgbà tí mò ń ka owó séfà lọ́jà Dantokpa ni mo rántí pé ọgọ́rin tiwa náà, ogún mẹ́rin ni. Vous àti tu ńkọ́? Ẹ̀yin àti ìwọ ni. Láti ọdún mẹ́ta ni mo ti ń gba inú Gẹ̀ẹ́sì kọjá kí n tó dé Faransé, bẹ́ẹ̀ ọ̀nà ilé wa ló yá jù.

Sátidé ọ̀sẹ̀ karùn-ún, a lọ sí Àjàṣẹ́, tí máàpù ń pè ní Porto-Novo. A fẹ́ wo mọ́sálásí àtijọ́ tí àwọn Àgùdà tó ti Brazil bọ̀ kọ́, tí iwájú rẹ̀ rí bíi ti ṣọ́ọ̀ṣì Bahia ní Brazil níbẹ̀. Ìyá àgbà kan tó ń ta ìlẹ̀kẹ̀ gbọ́ ohùn wa, wọ́n ní, « Ẹ̀yin ọmọ yìí, ṣé Èkó lẹ ti wá? » Yorùbá! Inú mi dùn débi pé mo jókòó tì wọ́n. Wọ́n bi mí ohun tí mo fẹ́ dà. Mo ní, « Tísà ni, mà. »

« Kí ni tísà? »

Mo ní olùkọ́. Wọ́n mi orí. Mo sọ pé Fúráìdè la máa padà sílé. Wọ́n rò ó díẹ̀, wọ́n ní, « Vendredi? Háà, Jímọ̀ ni! » Bí a ṣe ń bá a lọ nìyẹn, èmi ń wí fíríìjì, àwọn ń wí frigo, a sì jọ ń wá ọ̀rọ̀ tó jẹ́ tiwa méjèèjì. Mi ò mọ̀ pé Gẹ̀ẹ́sì pọ̀ tó báyẹn lẹ́nu mi àfi ọjọ́ náà.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà kò sọ mí di ẹni tó gbọ́ Faransé tán. Subjonctif, ọ̀nà kan tí Faransé ń gbà yí ọ̀rọ̀-ìṣe padà, ṣì ń dà mí láàmú. Àwọn kan nínú wa tó jọ gbé yàrá kan, tí wọ́n jọ ń sè, tí wọ́n jọ ń jẹ, kò fi bẹ́ẹ̀ rí nǹkan mú bọ̀, ó sì dùn mí, torí owó kékeré kọ́ ni àwọn òbí wọn náà san. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin tó ń múra àtilọ, ẹ jẹ́ kí yàrá yín jìnnà síra.

Ìwé tí mo ń kọ ọ̀rọ̀ tuntun sí, Faransé ló wà lápá òsì báyìí, Yorùbá lápá ọ̀tún. Lánàá mo kọ doucement sí i, ọ̀rọ̀ tí màmá aláàtàsí máa ń pariwo sí mi tí mo bá fẹsẹ̀ kọ òkúta ẹnu ọ̀nà wọn. Mo kọ pẹ̀lẹ́ sí iwájú rẹ̀.